ÒKÚTA ETÍKUN KÌ Í ṢE ỌMỌ ÒKUN

Olùkọ́ kan ní Ire-Akari ní Ìsọlọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa, a sì rí i pé yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní. Ó ti ra àpótí onígíláàsì tí ó gba 200 lítà omi. Ó fẹ́ sin ẹja omi iyọ̀ sínú rẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa wò ó. Ó ní òkúta òkun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun wọ́n púpọ̀. Ǹjẹ́ òun kò lè lọ ṣa tòun ní Tarkwa Bay?

Ìdáhùn wa ni pé: ọ̀gá, ẹ dúró ná.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí òkúta ń ṣe. Ẹja ń yàgbẹ́, ó sì ń tọ̀ sínú omi tí ó ń mí. Ìdọ̀tí yìí a máa di ámóníà, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń sọ ámóníà di nítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé; àwọn mìíràn a sì sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Inú ihò òkúta ni wọ́n fẹ́ràn láti gbé. Nítorí náà, òkúta tí ó fúyẹ́ tí ó sì ní ihò púpọ̀ ni ó dára.

Ṣé irú rẹ̀ wà ní etíkun Èkó? Rárá o. Láti Badagry títí dé Lẹ́kí, iyanrìn ni etíkun wa. Àwọn òkúta ńláńlá tí ẹ ń rí ní ẹnu òkun, ènìyàn ni ó kó wọn síbẹ̀. Láti 1908 ni ìjọba ìgbà náà ti ń kọ́ ògiri òkúta síbẹ̀ kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi. Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wa òkúta náà, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì gbé e wá. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, kì í ṣe ọmọ òkun! Ó le, ó wúwo, kò sì ní ihò. Ó dára láti fi dá ìgbì dúró, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹja. Ẹ sì rántí bí òkun ti jẹ Bar Beach tó. Ẹni tí ó bá ń ṣí òkúta kúrò níbẹ̀ ń tú odi ìlú ni.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn ẹ̀dá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ yóò ti kú nínú oòrùn àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Àpápá sí Oṣòdì kí ẹ tó délé. Bí wọ́n bá jẹrà nínú àpótí, ẹja gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé kí ẹ sè é, ẹ má gbà! Àwọn ẹ̀dá rírọ̀ kan wà lára òkúta òkun tí wọ́n dàbí òdòdó, tí oró wọn ń bá oruku omi gbígbóná wọ imú ènìyàn. Ní 2018, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, odidi ìdílé kan dèrò ilé ìwòsàn nítorí irú oró bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ àpótí ẹja wọn.

Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá ti fi òfin dè é. Florida dá kíkó òkúta òkun dúró nínú omi tirẹ̀ ní 1989. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú omi tí ó kọjá ti Florida ní 1997. Òkúta gbígbẹ ni àwọn àgbẹ̀ òkun níbẹ̀ ń gbìn sínú omi báyìí, tí wọ́n sì ń kórè rẹ̀ tó bá yá.

Kí ni kí olùkọ́ wa ṣe? Ewékorò kò jìnnà. Òkúta funfun tí wọ́n ti fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀ láti 1960, ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ni ó ti ṣẹ̀, ìkarahun sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ ṣa èyí tí ó ní ihò, tí kò ní ìpẹtà. Ẹ kán fíníkà sí i. Bí ó bá hó, òun ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí ẹ sì sá a sóòrùn.

Iyọ̀ tí a ṣe fún ẹja òkun ni kí ẹ lò, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀: gíráàmù 35 sí lítà kan, èyí tí í ṣe kílò 7 fún àpótí yín. Ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bíńtín sí i lójoojúmọ́ kí kòkòrò rere lè pọ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìdánwò omi kò bá rí ámóníà àti nítíráìtì mọ́ ni kí ẹ tó fi ẹja kan tàbí méjì sí i. Ẹpìyà ọ̀sà Èkó, tí iyọ̀ kò bà lẹ́rù, dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí omi bá fà, omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi kún un. Ẹ sì ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń lo bátìrì nílé, nítorí iná kì í dágbére kí ó tó lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó ra àpótí lónìí tí ó kó ẹja sí i lọ́la, òkú ẹja ni yóò máa kó. Ó dìgbà kan ná.