Wáyà bátìrì tó bó kì í ṣe ohun à ń fi téèpù dì
Ọkọ̀ àlòkù ló ń kó iṣu àti èrò wa láti Bantè lọ sí Savalou. A ò fara mọ́ fífi téèpù di wáyà bátìrì tó ti bó. Bí wáyà orí (+) bá kan irin ọkọ̀, iná yóò ta. Bí epo kpayo bá wà nítòsí, ó di jàǹbá. Kí awakọ̀ ra wáyà bàbà tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí ó pa ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ tú orí (–), òun náà ni kí ó dè kẹ́yìn: bí sípánà bá kan ara ọkọ̀, iná kò ní í ta. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó kó ẹrù sínú ọkọ̀. Wáyà ṣeé rà; ẹ̀mí kò ṣeé rà.