Èèwọ̀ Ilé Tuntun

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ìyàwó tí ó mọ ọbẹ̀ sè kì í tún ìsebẹ̀ kọ́ nílé ọkọ. Èèwọ̀ ilé náà ni ó ń kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fún obìnrin tí ó ti mọ èdè kan tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ tuntun wá ń béèrè òmíràn.

Ẹ wo R, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò, àti Python, tí ó jáde ní 1991. Bí a bá to owó oṣù òṣìṣẹ́ márùn-ún, R a máa pe ti ẹni àkọ́kọ́ ní 1. Python a máa pè é ní 0. Ẹni tí ó bá béèrè 1 lọ́wọ́ Python, owó ẹni kejì ni yóò rí. Bí ó bá béèrè -1, R yóò yọ ẹni àkọ́kọ́ kúrò, yóò kó mẹ́rin yòókù wá. Python yóò mú ti ẹni ìkẹyìn. Kọ̀ǹpútà kò ní kígbe pé àṣìṣe wà.

Nítorí náà, ẹ mú ìṣirò kékeré tí ẹ ti ṣe rí ní èdè àkọ́kọ́, bí owó oúnjẹ oṣù kan, kí ẹ tún un ṣe ní èdè tuntun. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ ti rí èèwọ̀ ilé náà kí ó tó ba iṣẹ́ ọ̀gá jẹ́.