Ilé Tá A Fi Ṣe Ìwọ̀fà

Ọdún 11 ni bàbá mi fi kọ́ ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Owó oṣù bá dé, ó ra búlọ́ọ̀kù. Àjọ bá kàn án, ó ra páànù. A kó wọ ilé náà láì tíì rẹ́ ẹ, ayálégbé sì ti wà ní yàrá méjì iwájú. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wá kanlẹ̀kùn pé òun fẹ́ gba ilé nítorí gbèsè.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan ní Dagenham, ní London, pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, equity wà nínú ilé mi. Mo fẹ́ fi ra ilé kejì fún ayálégbé.” Ilé rẹ̀ ti tó £400,000 lọ́jà, mọ́gééjì, ìyẹn gbèsè ilé náà, tó kù kò ju £60,000 lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń pè ní equity. Báńkì ṣe tán láti yá a ní £80,000 sí i.

Mo ní ká jọ ṣírò. £220,000 ni ilé tó ń wò. Ìdámẹ́rin ni báńkì sábà máa ń ní kéèyàn mú wá fún irú ilé bẹ́ẹ̀: £55,000. Stamp duty, owó orí tí wọ́n ń san bí wọ́n bá ra ilé, tún wà. Láti 2016 nìjọba ti ń bu àlékún lé e fún ẹni tó ti nílé tẹ́lẹ̀. Ìdá 3 nínú 100 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di 5 lóṣù Kẹwàá 2024. Àlékún yẹn nìkan jẹ́ £11,000.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé owó ayálégbé á máa bá gbèsè ilé tuntun lọ. Ta ló fẹ́ san ti £80,000? Bí èlé bá jẹ́ 5 nínú 100, £4,000 lọ́dún nìyẹn, a ò tíì fọwọ́ kan ojú owó. Èlé kì í sì í dúró sójú kan: ti Bank of England wà ní 0.1 nínú 100 lọ́dún 2020, ó ti di 5.25 nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ 2023.

Ẹ jẹ́ ká pe “equity” yìí ní gbèsè. Láyé àtijọ́, èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni èlé. Lónìí, ilé tọ́mọ ń sùn sí la fi ń ṣe é.

Ọ̀nà ti bàbá mi náà lábùkù. Owó sùn sínú búlọ́ọ̀kù fún ọdún 11. Kò sì rọrùn láti fi irú ilé bẹ́ẹ̀ yáwó: Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní Nàìjíríà ní dandan ni kí gómìnà fọwọ́ sí i kéèyàn tó fi ilé dógò. Ilé ẹbí sì rèé, láìsí ohùn olórí ẹbí, kò ṣeé fi yáwó. Ìdádúró yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ilé sílẹ̀, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ di àkọ́ìparí.

Mi ò ní kí àbúrò mi má rà á. Mo ní kó kọ́kọ́ tọ́jú owó tó lè san gbèsè méjèèjì fóṣù mẹ́fà, bí ayálégbé kò bá tiẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi. Ti oṣù méjì ni wọ́n ṣì rí kó jọ.