Àlòkù dára fún yàrá ìfín-ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní sípéà

Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn tó ń kun mọ́tò, àwọn káfíńtà alága àti àwọn tó ń ṣe géètì onírin ló mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Wọ́n á fín ọ̀dà sára iṣẹ́ oníbàárà ní gbangba ìta, kó tó gbẹ, eruku á ti bà lé e. Bó bá tún di àkókò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sọ fáníìṣì di funfun. Wọ́n á fi sáńpépà ha á, wọ́n á tún un kùn. Kò sí oníbàárà tó máa san owó ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kejì. Ibẹ̀ gan-an ni èrè ń gbà sá lọ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn olówó ńlá nìkan ni yàrá ìfín-ọ̀dà wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ń ṣe: ó ń sé eruku mọ́ ìta, ó ń gbé èéfín ọ̀dà kúrò lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń sẹ́ ọ̀dà tó fò lọ. Ẹni tó ń kun ilẹ̀kùn mọ́tò tàbí àga lè rí irin, páànù, gíláàsì fèrèsé àti fáànù ńlá tó máa fi kọ́ tirẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù ní àdúgbò.

Ètò rẹ̀ kò le. Afẹ́fẹ́ á gba inú fóòmù wọlé láti ẹ̀yìn òṣìṣẹ́, á kọjá lára iṣẹ́, á gba inú asẹ́ kejì, á sì jáde sókè, jìnnà sí ibi tí alákàrà ti ń dáná. Bí wọ́n bá wọ́n omi sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, eruku kò ní dìde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni iná. Èéfín tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, ìtapara kékeré kan sì tó láti jó gbogbo ọgbà. Nítorí náà, mọ́tò fáànù kò gbọ́dọ̀ sí lójú ọ̀nà èéfín. Kó wà níta, kó máa fi bẹ́líìtì yí abẹ̀bẹ̀ inú. Súwíìsì àti jẹnẹrétọ̀ náà, ìta ni àyè wọn. Gílóòbù á wà lẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n á tan fáànù kí wọ́n tó fín ọ̀dà, wọn kò sì ní pa á títí èéfín á fi tán. Ẹni tó bá fẹ́ fi sílíńdà gáàsì tó ti dógùn-ún ṣe táńkì afẹ́fẹ́, ìbúgbàù ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Èkejì ni èémí. Ìbomú oníbébà kò lè dá èéfín tínà dúró. Èyí tó ní èédú nínú ló lè ṣe é. Ti ọ̀dà tí wọ́n ń po mọ́ hádínà tún burú jù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ní kẹ́míkà isocyanate, tó lè fa ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́. Ìbomú tí wọ́n ń fi ọ̀pá fa afẹ́fẹ́ mímọ́ sí ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tí kò bá tíì lówó rẹ̀, kó má gba iṣẹ́ náà rárá, kó má sì ti ọmọ iṣẹ́ sínú rẹ̀.

Kí oníṣẹ́ tó sọ pé owó kò sí, kó kọ gbogbo iṣẹ́ tó tún kùn láàárín oṣù méjì sínú ìwé, kó ro owó ọ̀dà, tínà àti ọjọ́ tó bá a lọ. Bó bá ṣì pọ̀ fún ẹnì kan, mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgbà kan náà lè dá àjọ, kí wọ́n kọ́ ẹyọ kan, kí wọ́n máa lò ó ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n ra ògiri àti òrùlé ní àlòkù. Ìbomú ni kí wọ́n ra ní tuntun.