Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Wọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Ọ̀dọ́ Tí Ó Forí Gbá

 Bí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa bá dé, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ni ẹnubodè tuntun, gbọ̀ngàn tuntun, tàbí kíláàsì tí a óò tún kùn lọ́dà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, orí àwọn ọmọ tí ó jókòó nínú kíláàsì náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. A bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

Kò sí sáà kan tí ọmọ kan kì í forí gbá. Ọmọ méjì fò sókè gbá bọ́ọ̀lù, orí pàdé orí. Òmíràn já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Òmíràn wà lẹ́yìn ọ̀kadà láàrin Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, láìsí akoto lórí. Ọmọ Ògùn Wọ́táásáìdì tí ó lọ lo ọlidé yọ̀ ṣubú ní èbúté bí ó ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, àwa náà sì gbà á gbọ́.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní concussion nìyẹn: ọpọlọ mì nínú agbárí, iṣẹ́ rẹ̀ sì dàrú fún ìgbà díẹ̀. Kò dìgbà tí ọmọ bá dákú, kò sì dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Bí a bá tilẹ̀ fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí rẹ̀, àwòrán náà lè mọ́ tónítóní. Lójú ẹsẹ̀ tàbí lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ ni orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí òòyì yóò máa kọ́ ọ, tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa gún un lójú, tí lẹ́tà yóò máa jó lójú ìwé, tí ọrùn yóò le, tí ọmọ jẹ́jẹ́ yóò sì di oníbìínú.

Orúkọ wo ni àwa àgbà ń fún èyí? Olùkọ́ pè é ní ọ̀lẹ. Òbí pè é ní àfojúdi. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Nínú iṣẹ́ àlùfáà, a ti jókòó ti òbí tí ó ń wá ẹni tí ó ń yọ ọmọ òun lẹ́nu kiri, nígbà tí ohun tí ó ń yọ ọmọ náà lẹ́nu wà ní ọrùn àti ní etí rẹ̀, nítorí inú etí ni Ẹlẹ́dàá fi ohun tí kì í jẹ́ kí a ṣubú sí. A gbàdúrà pẹ̀lú wọn, a ó sì tún máa gbà á. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a má ṣe gbé ọmọ lọ sí ibi tí ìtọ́jú wà.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣìnà. Àkọ́kọ́ ni ìkánjú. Ọmọ tí ó forí gbá ní Ọjọ́bọ̀ tún wà lórí pápá ní ọjọ́ Sátidé, tàbí nítorí pé ìdánwò WAEC ti súnmọ́ tòsí, a ní kí ó máa kàwé títí di òru. Bí orí tí kò tíì san bá tún gbá, ewu rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èkejì ni ìsémọ́lé. Ìyá mìíràn yóò ti ọmọ mọ́ inú yàrá òkùnkùn fún odindi oṣù kan, kò ní rìn, kò ní rí ọ̀rẹ́. Àwọn oníṣègùn pàápàá ti fi irú ìmọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún wa rí. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí ìlú Amsterdam lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí ọmọ sinmi níwọ̀nba fún wákàtí 24 sí 48, kí ó sì dín wíwo fóònù kù. Lẹ́yìn náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀. Kí ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ìpele-ìpele kí ó tó padà sí eré tí ara ti ń kan ara. Bí òòyì, ọrùn dídùn tàbí orí fífọ́ bá kọjá ọjọ́ 10, wọ́n ní iṣẹ́ dé fún àwọn oníṣẹ́ físíò.

Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe? Wọn yóò yẹ ọrùn wò, nítorí ohun tí ó mi orí lè ti fa ọrùn pẹ̀lú. Wọn yóò lẹ lẹ́tà kan mọ́ ògiri, kí ọmọ tẹjú mọ́ ọn bí ó ti ń yí orí sọ́tùn-ún sósì. Wọn yóò ní kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ó rìn lórí ilà tààrà. Wọn yóò wọn bí ó ti lè rìn kíákíá tó kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, wọn yóò sì ní kí ó máa rìn lójoojúmọ́ láìdé ibẹ̀. Ní Yunifásítì Buffalo ní Amẹ́ríkà, John Leddy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lára ọ̀dọ́ 103 tí wọ́n forí gbá nínú eré ìdárayá. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, àwọn tí ó ń ṣe irú ìdárayá yìí gbádùn ní nǹkan bí ọjọ́ 13. Àwọn tí ó kàn ń na ẹsẹ̀ na ọwọ́ gba nǹkan bí ọjọ́ 17. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni à ń sọ. Ní Ìgbóbì ní Èkó ni iṣẹ́ físíò ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1945, fún àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1962, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdékù, ọmọ Àwẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH ní Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ físíò fún oyè ní ọdún 1966. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, àwọn oníṣẹ́ físíò sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé Ṣàgámù jìnnà sí Àbígí àti Ìwòpin, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo iṣẹ́ tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn: ògiri, lẹ́tà kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Bí a bá ti kọ́ ọmọ dáadáa, ó lè máa ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn nílé.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, “Ní ayé tiwa, a ṣubú, a sì dìde.” Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a dìde ni a ń sọ ìtàn náà. Ta ni ó ka àwọn ojúgbà wa tí wọ́n ń ṣe dáadáa ní fọ́ọ̀mù kejì, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ní fọ́ọ̀mù kẹta, tí wọ́n sì fi ilé-ìwé sílẹ̀? A ní ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí. Ó lè jẹ́ pé orí náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ìtọ́jú.

Ẹ rántí Eutiku nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, ọ̀dọ́mọkùnrin tí oorun gbé lọ lójú fèrèsé, tí ó sì já bọ́ láti òkè kẹta. Pọ́ọ̀lù kò ní kí ìwàásù parí ná. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀ tọ ọmọ náà lọ. Bí àpọ́sítélì bá lè dá ìwàásù dúró, olùkọ́ eré ìdárayá lè dá ọmọ dúró nínú ìdíje.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ kí àjọ̀dún yìí bí nìyí. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ tí ó bá forí gbá kò gbọdọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ń bì léraléra, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń tòògbé láìṣeé jí, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ, tàbí bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i, ilé-ìwòsàn ní kíákíá. Kí a má ṣe dúró de òbí. Kí olùkọ́ kankan má ṣe gbá ọmọ létí tàbí lórí mọ́, fún ẹ̀ṣẹ̀ yòówù. Kí a fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń yá lọ ní àyè láti ṣe iṣẹ́ kíláàsì díẹ̀díẹ̀. Kí ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde sì yọ owó sílẹ̀ nínú owó àjọ̀dún, kí oníṣẹ́ físíò kan lè máa bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó máa kọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn olùkọ́, kí owó ọkọ̀ sì wà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní.

Ẹnubodè lè dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ tí lẹ́tà ń jó lójú rẹ̀ lónìí kò lè dúró. Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo ọmọ tí ó wọ ẹnubodè rẹ̀ jáde pẹ̀lú orí pípé. Àmín.