Dírẹ́bà Tó Kó Wá Láti Ìpínlẹ̀ Mìíràn

Ọ̀rọ̀ àwọn dírẹ́bà tó ń kó ẹrù wa ni mo gbé dé. Ẹni tó ń wakọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá ti di ará Èkó, ti Àkúrẹ́ ti kó lọ sí Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá sì dé, ohun tí à ń gbọ́ ni pé, "Màmá, ẹ bá mi fowó kún un, mo fẹ́ gba láìsẹ́ǹsì ti ìpínlẹ̀ yìí."

Ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un! Ìwé ìjọba àpapọ̀ ni láìsẹ́ǹsì. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Road Safety tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ló ń tẹ̀ ẹ́. Ibi yòówù kí wọ́n ti gbà á, gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́. (Ìwé ọkọ̀ lọ̀tọ̀ o, ìyẹn kan ìpínlẹ̀.) Bí ọdún 3 tàbí 5 tó wà lórí rẹ̀ bá pé, ibi tí dírẹ́bà ń gbé báyìí náà ló ti máa tún un ṣe.

Ta ló wá ń wá òmíràn? Ọ̀kan ni ẹni tí àwọn alágbàtà ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ti tàn jẹ. Ìyẹn ṣeé là lọ́yẹ̀. Èkejì ni mo ń bẹ̀rù: ẹni tó ń sá fún ohun tó ṣe níbi tó ti wá. Ẹni tí wọ́n mú fún eré àsápajúdé ní Ọ̀yọ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò dúró sí Ọ̀yọ́, Road Safety kan náà ló wà níbi gbogbo. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n lè gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2011 ni wọ́n ti ń gba àmì ìka ọwọ́ sórí láìsẹ́ǹsì, nítorí náà, ẹni tó ń wá èkejì, ayédèrú ló máa rà. Àwa la sì ń jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ ata lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ lóru!

Àwọn kan á ní bí a bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn á lọ kẹ́rù ọjà mìíràn. Kí wọ́n máa lọ.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí a fọwọ́ sí i pé kí akọ̀wé máa gba láìsẹ́ǹsì dírẹ́bà tuntun kó tó kẹ́rù, kó wo fọ́tò àti ọjọ́ tó máa parí, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, kó sì mú nọ́ńbà náà lọ sí ọ́fíìsì Road Safety bó bá fura.