Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá dé, nǹkan méjì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń ṣe. Àwọn kan yóò máa lọ sí lẹ́sìn láràárọ̀, bí ẹni pé wọn kò gba ìsinmi rárá. Àwọn mìíràn yóò jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, tí olùkọ́ sì ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n rí nígbà ìsinmi, wọn a máa wo òkè, wọn a máa họrí. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé kọ. Wọn kò rí ohun tí wọn yóò kọ ni.

Ní tèmi, ó yẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti rin ìrìn-àjò ìgbafẹ́ kan, ó kéré tán, kí ó tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo sì gbà pé nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà nínú ìrìn-àjò àkọ́kọ́ náà: òkè, ẹranko àti ìlú ńlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára láti rí. Ṣùgbọ́n bí a bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, ọ̀kan yóò máa là wá lóye nípa èkejì.

Ẹ má ṣe rò pé ó di òkè òkun kí a tó lè rí wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi Abẹ́òkúta àti Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2021 ni ìjọba ṣí ojú irin tuntun tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, Abẹ́òkúta sì wà lára àwọn ibi tí ọkọ̀ ojú irin náà ti ń dúró. Ọmọ Èkó lè wọ̀ ọ́ lọ, ọmọ Ìbàdàn náà lè wọ̀ ọ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Òkúta Olúmọ ni ó fún Abẹ́òkúta ní orúkọ, nítorí pé abẹ́ òkúta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ilé wọn. Ní ọdún 1830 ni wọ́n dé ibẹ̀, Ṣódẹkẹ́ ni ó sì ṣáájú wọn. A lè ka ìtàn yìí nínú ìwé, kí a sì gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá tẹrí ba wọ abẹ́ Olúmọ, tí ó rí bí ibẹ̀ ti há tó, tí ó sì rí àwọn ihò kéékèèké tí àwọn obìnrin fi lọ oúnjẹ lórí àpáta, kò lè tètè gbàgbé. Yóò mọ̀ pé ènìyàn bí tiwa ni àwọn tí ogun lé. Ebi pa wọ́n, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì gbé ọmọ pọ̀n.

Bí ó bá wá gun òkúta náà dé òkè, yóò rí Odò Ògùn níbi tí ó gbé ń ṣàn lọ, yóò sì rí òrùlé ilé lọ súà. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ *Ìwé Ìròyìn* ní ọdún 1859. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ọmọ tí ń kọ́ èdè Yorùbá fi ẹsẹ̀ tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yìn òkè ni ẹranko. Níbo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ẹranko ìgbẹ́? Ẹ̀bá títì ni, níbi tí wọ́n gbé e kọ́ fún títà, tàbí inú àwo ọbẹ̀. Ìjàpá ńkọ́? Inú àlọ́ nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ ẹranko ju ẹran jíjẹ lọ, ikú ẹranko kò lè dùn ún. Èyí ni ó fi yẹ kí ọmọ rí ẹranko láàyè, nínú igbó tirẹ̀.

Lekki Conservation Centre wà ní Èkó fún irú èyí. Ní ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, igbó àti àbàtà tí ó wà níbẹ̀ sì tó hẹ́kítà 78. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò sí nínú àgò. Orí igi ni wọ́n ti ń fò kiri, wọ́n sì lè já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò tí kò bá fura. Ọ̀nì wà níbẹ̀, ìjàpá wà níbẹ̀, ẹyẹ oríṣiríṣi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2015 ni afárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà lókè láàárín àwọn igi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ẹni tí ó bá ń rìn lórí rẹ̀ yóò máa wo orí igi nísàlẹ̀, bí ẹyẹ ti ń wò ó.

Ẹ̀kẹta ni ìlú ńlá. Ní Èkó, a lè gba orí Afárá Third Mainland kọjá, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. A lè dé Oníkàn, kí a wọ ilé J.K. Randle tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá. A sì lè rìn dé Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Bràsíìlì tẹ̀dó sí. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀, díẹ̀ lára ilé wọn tí wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ sí sì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti wó.

Wàyí o, kí ni ìdí tí mo fi ní kí a rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀? Ẹni tí ó bá rí igbó Lekki nìkan lè rò pé igbó pọ̀, kò lè tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti la ìgboro Èkó kọjá kí ó tó dé ibẹ̀ yóò rí i pé ilé, títì àti ṣọ́ọ̀bù ti yí igbó náà ká. Yóò mọ̀ pé kì í ṣe pé igbó náà kàn ṣẹ́kù fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn ni wọ́n pinnu pé kí a má gé e. Bákan náà ni ilé Àgùdà: èyí tí a bá tọ́jú ni yóò kù. Ọmọ tí ó bá mọ èyí láti kékeré, bí ó bá dàgbà tí ó di ọ̀gá, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ní kí a gé igi tàbí kí a wó ilé àtijọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Owó dà?" Òótọ́ ni, owó kò sí lọ́wọ́ gbogbo òbí. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ìdílé kan dá a gbé. Ilé-ẹ̀kọ́ lè kó àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n sì máa dá owó náà díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹni tí Abẹ́òkúta jìnnà sí lè wo ohun tí ó sún mọ́ ọn. Àwọn ará Oǹdó ní òkè Ìdànrè. Àwọn ará Òkè-Ògùn ní òkè Adó-Àwáyè, tí adágún omi Ìyàkẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìbàdàn ní ọgbà ẹranko ní Yunifásítì, Ilé Kòkó tí àjà rẹ̀ jẹ́ 26 sì wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni kí ọmọ gbájú mọ́. Èmi kò sọ pé kí a pa ìwé tì. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kò lè ba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́. Ohun tí ojú bá rí ni ó ń jẹ́ kí ohun tí a kà yé wa.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà pé Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni ó tó ìrìn-àjò. Lọ́ńdọ̀nù dára, ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí wọ́n bá bi ọmọ wa lọ́hùn-ún pé báwo ni ìlú rẹ̀ ti rí, kí ni yóò sọ?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá àwọn òbí àti olùkọ́ yín sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ìsinmi tó dé. Bí ẹ bá sì lọ, ẹ má ṣe kọ orúkọ yín sára àpáta, ẹ má ṣe ju nǹkan lu ọ̀bọ, ẹ má ṣe da ọ̀rá sílẹ̀ nínú igbó. Ẹ mú ìwé àti kálàmù dání, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.